Ìró tí Ń Retí Ìdáhùn: Odó, Agogo àti Igbe Ọjà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ó ti di àṣà láàárín àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ alohùn pé, bí a bá ti jókòó ti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ láti da ohun tí a gbà sínú rẹ̀ kọ, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe ni pé kí a yọ ariwo kúrò. Orin ni a bá lọ, orin ni a ó kọ. Bí odó bá ń dún lẹ́yìn ẹni tí ń kọrin, bí ewúrẹ́ bá ké, bí obìnrin kan bá ń polówó ẹ̀kọ kọjá lójú títì, a ó kọ ‘ariwo’ sínú àkámọ́, tàbí kí a má tilẹ̀ kọ nǹkan kan rárá. Bébà yìí fẹ́ bèèrè ohun tí ó fún wa láṣẹ láti máa pe àwọn ìró wọ̀nyẹn ní ariwo. A ó wá ìdáhùn sí ìbéèrè náà ní ìlú méjì tí ọ̀nà àárín wọn kò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ: Àkúrẹ́, tí ó ti jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ìgbà tí a ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1976, àti ìlú Oǹdó gan-an tí ìpínlẹ̀ náà ti gba orúkọ.

Èrò wa ni pé kì í ṣe bí ìró ṣe ròkè tó ni Yorùbá fi ń ya ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo. Bí ìró bá ní ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, tí ó sì fi àyè sílẹ̀ kí ẹni náà dá a lóhùn, ohùn ni, ìbáà ṣe pé igi ni ó ń lu igi. Bí kò bá fi àyè kankan sílẹ̀, ariwo ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ènìyàn ni ó ti jáde. Lílé àti ègbè tí a mọ̀ nínú orin wa kò bẹ̀rẹ̀ lórí agbo ijó. Inú ìró ojoojúmọ́ ni etí wa ti kọ́ ọ, láti àárọ̀ dé alẹ́, kí a tó mọ orin kankan í kọ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé nígbà tí a ń yọ ‘ariwo’ kúrò nínú àdàkọ wa, apá kan lára lítíréṣọ̀ náà ni a ń yọ sọ nù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà ‘gbọ́’ wò. Yorùbá a máa gbọ́ ìró, a máa gbọ́ èdè, a sì máa gbọ́ òórùn. Ẹni tí ó bá ní òun gbọ́ Faransé kò sọ pé etí òun kò di. Ohun tí ó ń sọ ni pé èdè náà yé òun. Ọmọ tí ó gbọ́ràn ni ọmọ tí ó ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe. Nítorí náà, gbígbọ́ kì í ṣe iṣẹ́ etí nìkan. Ẹni tí ó gbọ́ ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti jẹ gbèsè ìdáhùn. Wíwò kò rí bẹ́ẹ̀: ènìyàn lè wo nǹkan kí ó má rí i, ó sì lè rí i kí ó má kàn án. Ìró pẹ̀lú kì í ṣe dídún lásán, nítorí bí a bá ní a gbọ́ ìró ẹnì kan tí ó ti pẹ́ lẹ́yìn odi, ìròyìn rẹ̀ ni a gbọ́. Ní ti ariwo àti ohùn, ọ̀rọ̀-ìṣe tí èdè fún wọn ti tú wọn fó: ariwo ni a ń pa, ohùn ni a ń fọ̀.

Etí tí a bá ti fi èdè olóhùn kọ́ láti kékeré kì í sinmi. Ohunkóhun tí ó bá lọ sókè tí ó sì lọ sísàlẹ̀ lè ru ọ̀rọ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí dùndún ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Akin Euba ti kọ odindi ìwé lórí rẹ̀ ní 1990. Ṣùgbọ́n etí yìí kan náà ni a fi ń gbọ́ ẹyẹ lórí igi àti ọkọ̀ tí ń gun òkè, tí àwọn ọmọdé sì máa ń fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Kì í ṣe àwa nìkan ni ó rí báyìí fún. Steven Feld, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1982 nípa àwọn ará Kaluli ní Papua New Guinea, fi hàn pé ohùn àwọn òkú ni wọ́n ń gbọ́ nínú igbe ẹyẹ inú igbó wọn, àti pé láti ibẹ̀ ni orin ẹkún wọn ti gba ọ̀nà. Ohun tí ó yàtọ̀ nílẹ̀ wa ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló pọ̀ jù nínú àwọn ìró tí ń bá wa sọ̀rọ̀. Èyí tí ó sì gba ipò iwájú ní agbègbè tí a ń wò yìí ni odó.

ODÓ

Bí a bá bi àwọn Yorùbá yòókù léèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwàdà mọ́ àwọn ará Oǹdó àti Àkúrẹ́, àti àwọn Èkìtì tí wọ́n jẹ́ ìyekan wọn, iyán ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Àwàdà náà dá lórí ikùn. Lójú tiwa, ó yẹ kí ó dá lórí etí pẹ̀lú, nítorí pé kí iyán tó dé ọ̀fun ẹnikẹ́ni, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ọ.

Iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò, fífọ́ ni a kọ́kọ́ ń fọ́ ọ. Ìró ọmọ-odó nígbà náà gbẹ, ó fúyẹ́, ó sì ń yára tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tí iṣu bá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra, ìró náà a wúwo, a sì lọ sísàlẹ̀. Ọmọ-odó a máa pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kúrò lára iyán, ìró fífà kékeré kan a sì máa tẹ̀lé ‘gbì’ kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà tí ó wà nínú yàrá, tí kò rí odó, tí kò rí ẹni tí ń gún un, a ké jáde pé kókó ṣì wà níbẹ̀. Kò fojú rí kókó náà. Ó gbọ́ ọ ni. A kò mọ lámèyítọ́ tí ó lè gbọ́ àléébù nínú ewì báyìí láti inú yàrá kejì, kí ó sì tọ̀nà.

Bí ẹni méjì bá ń gún un pọ̀, èkínní a máa gbé ọmọ-odó tirẹ̀ sókè bí èkejì ti ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tí ń ka oókan, eéjì fún wọn. Etí ni wọ́n fi ń yẹra fún ọwọ́ ara wọn, nítorí ẹni tí ó bá gbé ojú lé ọmọ-odó ẹnì kejì yóò pẹ́, yóò sì ṣèèṣì lù ú. Ẹni tí ń kọjá lọ a kí wọn pé, ‘Ẹ kú iṣẹ́ o’, ìdáhùn wọn a sì bọ́ sí àárín gbì méjì láìṣe pé iṣẹ́ dúró. Níbí ni ohun tí a ń sọ ti hàn gbangba. Àyè wà nínú ìró odó. A ti dá a láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí ohùn ẹlòmíràn lè wọ inú rẹ̀.

Ìró yìí kò sì mọ sínú ilé. Àwọn tó wà lágbo ilé a mọ̀ láti inú rẹ̀ pé ẹni tí ó lọ sí oko ti dé, pé àlejò wà nílẹ̀, pé oúnjẹ ọ̀sán ti di ti alẹ́. A mọ ọmọ-odó ẹni tí inú ń bí, tí ó ń fi igi sọ ohun tí kò lè fi ẹnu sọ fún ọkọ tàbí fún orogún. Ilé tí odó rẹ̀ bá dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, aládùúgbò a yà wọlé láti bèèrè pé ṣé àlàáfíà ni. Ṣùgbọ́n kí a má fi oyin sí i. Ìró tí ń pe ẹni tí yóò bá ni jẹun náà ni ìró tí kò jẹ́ kí ẹni tí iṣu kan ṣoṣo kù fún lè fi í pamọ́. Ẹni tí ń gbé láàárín irú ìró báyìí kò lè ní àṣírí púpọ̀, ìtìjú rẹ̀ sì wà létí gbogbo ènìyàn.

Lónìí, póńdò inú ọ̀rá àti ẹ̀rọ agúnyán ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ odó ní ìlú méjèèjì. A kò ní ṣe bí ẹni pé àdánù ni gbogbo rẹ̀. Apá àwọn obìnrin ni odó fi ń dún, apá náà a sì máa ro wọ́n títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọ̀fọ̀ odó, kí ó kọ́kọ́ gún iyán ẹni mẹ́wàá kí ó tó gbé kálàmù. Ohun tí a kàn fẹ́ kí a kíyè sí ni pé ẹ̀rọ náà ń dún, ó tilẹ̀ ń dún ju odó lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ń kí i. Èdè kò tíì dá ìkíni kankan fún ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì.

IGBE ỌJÀ

Lórí ìpolówó ọjà, àwọn onímọ̀ ti ṣe gudugudu méje. Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ti fi hàn pé ewì ni ìpolówó í ṣe, pẹ̀lú ọnà-èdè tirẹ̀. A gbà. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró ní àdúgbò kan ní Àkúrẹ́ ní òwúrọ̀, kí ènìyàn tó máa wọ́ lọ sí Ọjà Ọba níwájú ààfin Déjì, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ inú igbe ẹlẹ́kọ kò pọ̀ rárá. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ tí ó tẹ̀lé e. Ẹlẹ́kọ a ké, a fa ohùn rẹ̀ títí dé ibi tí ó ti rọ̀, a sì rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún láìfọhùn. Ní àkókò yìí, ó ń gbọ́. Ó ń gbọ́ ilẹ̀kùn tí ń ṣí, abọ́ tí ń kanlẹ̀, ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí ń sáré bọ̀. Bí ẹnì kan bá pè é, ‘Ẹlẹ́kọ o!’, ọjà rẹ̀ di orúkọ rẹ̀, yóò sì jẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tí ó rí ẹnì kejì. Ògiri wà láàárín wọn. Síbẹ̀ lílé ti rí ègbè rẹ̀.

Ní báyìí, àwọn tí ń ta oògùn èkúté àti oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ti gba ohùn ara wọn sílẹ̀, wọ́n sì fi sínú gbohùngbohùn kékeré tí ń dún léraléra láti Ọjà Ọba lọ sí Arákalẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ gan-an, ó tilẹ̀ lẹ́wà nígbà mìíràn. Bí a bá kọ ọ́ sórí ìwé, a lè rí àwítúnwí, àfiwé àti ẹ̀fẹ̀ tí yóò tó wa kọ bébà mìíràn. Olówó rẹ̀ sì ti fi ọ̀fun rẹ̀ sinmi, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ohùn tí a gbà sílẹ̀ yìí kò lè dákẹ́ gbọ́. Bí ìyá arúgbó bá ń kọjá, kò lè kúnlẹ̀. Bí òkú bá wà nílẹ̀ ní ilé kan, yóò máa dún kọjá níwájú ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ kan náà tí ó ṣe lẹ́nu ọjà. Bí lámèyítọ́ bá gbé ìpolówó méjèèjì sórí tákàdá, ti ẹ̀rọ lè borí. Èyí fi hàn pé òṣùwọ̀n tákàdá wa kò pé.

AGOGO

Ìbéèrè tí Yorùbá fi ń wádìí àkókò ni pé, ‘Aago mélòó ló lù?’ Ojú ni a fi ń wo aago, ṣùgbọ́n lílù ni èdè wa ní ó lù. Etí ni a fi kọ́kọ́ gba wákàtí àwọn òyìnbó wọlé, láti inú agogo ìjọ àti agogo ilé-ìwé. Ní ìlú Oǹdó, Charles Phillips tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù dé ibẹ̀ fún ìjọ C.M.S. ní 1877, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 1906. Kí irú agogo bẹ́ẹ̀ tó dé, agogo wà nílẹ̀ ná, lọ́wọ́ akéde. Akéde a lu agogo, a dúró, a sọ̀rọ̀, a tún dúró, kí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa lè bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó gbọ́. Agogo ìjọ kò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn lílù, ṣùgbọ́n òun náà ń retí ìdáhùn: ẹsẹ̀ ni a fi ń dá a lóhùn. Bákan náà ni ìpè ládàánì.

Alain Corbin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ìwé kan ní 1994 lórí agogo àwọn ìjọ ìgbèríko ilẹ̀ wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó fi hàn níbẹ̀ pé ibi tí ìró agogo mọ ni àwọn ará abúlé ń kà sí ilẹ̀ wọn, àti pé ìjà ńlá ni ó máa ń bẹ́ sílẹ̀ bí ìjọba bá fẹ́ gba agogo náà. A kò nílò láti lọ jìnnà kí èyí tó yé wa. Kí gbohùngbohùn tó dé, agbára ọ̀fun ládàánì ni ó ń sọ ibi tí àdúgbò rẹ̀ parí sí, ẹni tí ó gbọ́ sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Nígbà tí gbohùngbohùn ìjọ méjì àti ti mọ́ṣáláṣí kan bá pàdé lórí òrùlé kan ṣoṣo, gbogbo ènìyàn ni a ń pè, kò sì sí ẹni tí ó dá lójú pé òun gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan yẹ kí ó wọ ibí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ oníná dé ilẹ̀ wa, etí ni ó sọ ọ́ lórúkọ: alùpùpù. Lónìí ọ̀kadà ni gbogbo ọmọdé mọ̀, orúkọ tí a mú láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan tí ó ti kógbá sílé. Alùpùpù ń dún nínú orúkọ rẹ̀. Ọ̀kadà kò dún.

ÌRÓ INÚ ÌWÉ

D. O. Fágúnwà, tí a bí ní 1903 ní Òkè-Igbó tí kò jìnnà sí ìlú Oǹdó, tí ó sì di olóògbé ní 1963, kò tan ara rẹ̀ jẹ pé òǹkàwé lásán ni òun ń kọ̀wé fún. Nígbà tí *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde ní 1938, ìlù ògìdìgbó ni ó fi ìtàn náà wé ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì yan iṣẹ́ fún ẹni tí ń kà á bí ẹni tí ó wà lágbo. Àkàrà-oògùn ni ó ń sọ ìtàn, akọ̀wé ni ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ènìyàn ti gbọ́ ìró, wọ́n sì ti pé jọ láti gbọ́. Ìwé tí ó ṣètò ẹni tí yóò gbọ́ òun báyìí, tí ó sì kún fún ọ̀rọ̀ tí ń fi ìró ṣàpèjúwe ohun tó ṣubú, ohun tó sáré àti ohun tó fọ́, kò ṣeé fi ojú nìkan kà. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fi méjèèjì síwájú yóò rí i pé ibi tí ìró wà ni iṣẹ́ olùtumọ̀ ti le jù.

Ṣùgbọ́n ìró kan wà tí Fágúnwà pàápàá kò kọ: ìró ẹnu àwọn ará ilé rẹ̀. Èdè àjùmọ̀lò ni ó fi kọ̀wé, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe. Abíọ́dún Adétugbọ̀ ní 1967 pín ẹ̀ka-èdè ilẹ̀ wa sí agbègbè mẹ́ta pàtàkì. Oǹdó bọ́ sí gúúsù ìlà-oòrùn, Àkúrẹ́ fara mọ́ Èkìtì ní ti ààrin gbùngbùn. Ìlú méjèèjì gba fáwẹ̀lì u láyè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: ulé ni wọ́n ń pe ilé, ugi ni wọ́n ń pe igi. Oǹdó tún ní ìró ọ̀fun tí a máa ń fi gh kọ, èyí tí ó mú kí Ọ̀wọ̀ jẹ́ Ọ̀ghọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ ibẹ̀ náà. Nínú àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, kò sí àyè fún gh, èdè àjùmọ̀lò kò sì fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, bí a bá gba orin Ọ̀bìtún sílẹ̀ ní Oǹdó, orin tí àwọn omidan fi ń wọ ipò àgbàlagbà, a ó sọ ulé di ilé bí ẹni ń tún aṣọ ṣe fún ọmọ tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ègbè ti yẹ kí ó pa ẹnu pọ̀ sórí ‘nulé’, a ó kọ ‘nílé’. Ètè tí ó yẹ kí ó ká bíríkítí ti fẹ̀, ìró sì ti yí padà. Ìyókúrò yìí àti yíyọ odó kúrò lẹ́yìn orin, iṣẹ́ kan náà ni. Ó wú wa lórí pé títí di òní, ọdún Ulefunta tí Àkúrẹ́ ń ṣe ṣì di u rẹ̀ mú lórí pátákó àti nínú ìwé ìròyìn. Akọ̀wé kankan kò tíì tún un ṣe.

ÌRÓ TÍ KÒ GBỌ́

A wá dé ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn ní orúkọ ìnagijẹ tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé mo sàn ju aládùúgbò mi lọ. A kò mọ orúkọ mìíràn tí ó ṣe lámèyítọ́ ju èyí lọ. Ẹ̀rọ tí kò jẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ ohùn ẹni ni a sọ lórúkọ mọ́ aládùúgbò. Kò sí gbì, kò sí ìdákẹ́jẹ́, kò sí ibi tí ‘Ẹ kú iṣẹ́’ lè gbà wọlé. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀gànjọ́, ó di ògiri tí a fi ìró mọ.

R. Murray Schafer, ará Kánádà, nínú ìwé rẹ̀ ti 1977, kédàárò pé ẹ̀rọ ń bo àwọn ìró àtijọ́ mọ́lẹ̀ káàkiri ayé. A rí ohun tí ó rí, ṣùgbọ́n a kò lè bá a dé ibi tí ó ń lọ. Ìdákẹ́jẹ́ ni ó ń wá. Àwa kò wá ìdákẹ́jẹ́. Ìnáwó tí a kò gbọ́ ní àdúgbò kejì, olówó rẹ̀ a máa rò pé òun kò tíì náwó. Àrá tí ń sán, tí ó ń mi ilé, Ọ̀ràmfẹ̀ ni ó ń fọhùn lójú àwọn tí ń sìn ín ní Oǹdó, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó rọra. Iná mànàmáná pàápàá kọ́ ni ọ̀tá. Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba ní ìlú Oǹdó, fi gìtá oníná àti gbohùngbohùn ńláńlá kọ orin jùjú tí ó gbé kárí ayé ní 1982, síbẹ̀ ẹni tí ó bá tẹ́tí sílẹ̀ yóò gbọ́ bí gìtá ti ń dákẹ́ kí dùndún lè dá a lóhùn. Orin náà ròkè, ó sì ń gbọ́ ara rẹ̀.

Nítorí èyí ni òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, tí ó jáde ní 2009, kò fi lè yanjú ọ̀ràn yìí. Dẹ́síbẹ̀lì ni òfin náà fi ń wọn ìró. Ó dára bẹ́ẹ̀; a kò mọ ohun mìíràn tí adájọ́ lè gbé sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n lójú òṣùwọ̀n yìí, ìlù Ọ̀bìtún àti jẹnẹrétọ̀ lè jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà, bí a bá sì pe àwọn méjèèjì lẹ́jọ́, èyí tí ó ní ẹnu ni yóò kọ́kọ́ dákẹ́.

Níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti jọba báyìí náà ni ègbè tí ó tóbi jù ní Àkúrẹ́ ti ń jáde. NEPA tí a dá sílẹ̀ ní 1972 di PHCN ní 2005. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Benin ni ó gba iṣẹ́ pípín iná fún Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Síbẹ̀ ọjà kan wà ní Àkúrẹ́ tí a ṣì ń pè ní Ọjà NEPA, bí iná bá sì dé lálẹ́, àwọn ọmọdé tí wọn kò tíì dáyé nígbà tí NEPA wà láàyè a ké ‘Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!’ láti agbo ilé kan dé èkejì. Kò sí ẹni tí ó lé orin náà. Iná ni ó lé e, gbogbo ìlú sì gbè é. Lẹ́yìn náà ni a ó máa pa jẹnẹrétọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Adébóyè Babalọlá ní 1966 lórí ìjálá, àti Ọlátúndé Ọlátúnjí ní 1984 lórí àbùdá ewì alohùn lápapọ̀, ni wọ́n fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ wa múlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fojú kéré wọn. Bí wọn kò bá ti kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ kọ, kò ní sí ohun tí a ó máa jiyàn lé lórí. Ṣùgbọ́n nínú àpótí àti àpò ní àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa káàkiri, téèpù tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi gba orin sílẹ̀ láàárín 1970 sí 1990 ṣì wà níbẹ̀, ooru àti òjò sì ń jẹ wọ́n. A ti da ọ̀rọ̀ inú ọ̀pọ̀ wọn kọ, a sì rò pé a ti jẹ wọ́n tán. Lẹ́yìn ẹ̀kún ìyàwó àti orin ọdún, odó ẹlẹ́ni-méjì lè máa dún níbẹ̀, igbe ẹlẹ́kọ tí kò mọ gbohùngbohùn, agogo akéde tí ọmọ rẹ̀ kò gba iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tí ó lọ gba àwọn wọ̀nyẹn sílẹ̀ fún ara wọn, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí wọ́n kù sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti kọ ‘ariwo’ sínú àkámọ́. Kí ó tún téèpù náà gbọ́, kí ó kọ ohun tí ń dún, ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó dúró, kí ó sì wò ó bóyá akọrin náà dúró dè é.